Ọlọ́pàá Tó Ń Kan Ilẹ̀kùn

Ìyá Ìbéèrè ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Ìbọn rẹ̀ kò dún rí, àfi níbi ìdánrawò. Ẹnu ló fi ń mú olè.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Bó bá ti fi aṣọ iṣẹ́ wọ àdúgbò, àwọn ọmọdé á nawọ́ sókè: "Ẹ má yìnbọn!" Wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Inú géèmù orí fóònù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ta ló wá ṣe géèmù ọ̀hún? Ọmọ bíbí inú rẹ̀, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìyá ní, "Gbé e wá. Èmi náà fẹ́ gbá a."

Ó di ọlọ́pàá inú géèmù. Ó dé ilé afurasí. Ó rọra tẹ ibi tí wọ́n fi ń lu èèyàn, ó fi kan ilẹ̀kùn. Kó, kó, kó. Ó dúró de onílé. Ojú fóònù pọ́n: *O ti kùnà.* Ó tún un ṣe. Ó tún kùnà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

"Màámi, ẹ fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn wọlé!"

"Ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn? Ṣé ìwọ lo máa bá wọn tún un ṣe?"

"Olè ló wà níbẹ̀ ma!"

"Ta ló sọ fún ẹ? O ti bi í? Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò."

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ fóònù. Àwòrán ogójì ọlọ́pàá ló ti ya sínú géèmù yẹn. Kò sí ọ̀kan tó jọ ìyá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi bá ọ̀gá rẹ̀ fà á. Ọ̀gá gbà. Ọlọ́pàá tuntun wọlé: obìnrin, báàgì lábẹ́ abíyá. Tó bá kan ilẹ̀kùn, tó sì béèrè, onílé á sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá já ilẹ̀kùn, aláìṣẹ̀ ni yóò mú.

"Ṣé mo sanra tó báyìí ni?"

"Mo tiẹ̀ dín in kù ni, Màámi."

"Orí ẹ ò pé."

Kò pẹ́ tí géèmù tuntun dé ọwọ́ àwọn ọmọdé. Ìyá Ìbéèrè yà sí àdúgbò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò sá. Wọ́n rọ́ bò ó.

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè!"

"Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi! Èmi ni mo jẹ ẹran inú ìkòkò!"

Ìyá ọmọ náà yọjú lójú fèrèsé. "Hẹ̀n-ẹ́n?"

Ìyá Ìbéèrè jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rín ò jẹ́ kí bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹran mélòó?"

"Mẹ́ta, ma."