Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn Nínú Àdéhùn Ìtọ́jú

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún kí n tó gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Dublin. Ìyàwó mi ti kú kó tó rí i. Ìwé náà ló gbé mi dé ọ́fíìsì tí a ti ń yẹ àdéhùn wò fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé àdéhùn kankan kò gbọdọ̀ dí agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti mọ iye tí ilé ìwòsàn ń gbà. Lọ́dọọdún, agbanisíṣẹ́ á fọwọ́ sí i fún ìjọba pé kò sí irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Àwa la máa ń kọ́kọ́ ka àdéhùn náà.

Ó ku oṣù kan kí wọ́n pinnu bóyá wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá nígbà tí wọ́n fi fáìlì kan lé èmi nìkan lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìdènà kankan nínú rẹ̀. Ọ̀gá wa, obìnrin ará Ireland, fẹ́ fi í ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọbìnrin Yorùbá tó ń jókòó kọjú sí mi gbé tíì wá fún mi. Kì í gbé tíì fún ẹnikẹ́ni.

"Dádì, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí lo fẹ́ gbà?"

"Háà! Mi ò fẹ́ gba nǹkan kan. Ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn ni, sà. Lẹ́tà rẹ̀ ti kéré jù fún ojú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Mo ti fo ojú ìwé yẹn. Mo rò pé ibi ìbuwọ́lùwé lásán ni. Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀: a kò gbọdọ̀ sọ iye ìtọ́jú fún agbanisíṣẹ́.

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Láti Ọjọ́rú, sà, nígbà tí ẹ ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì yín."

"O wá dákẹ́?"

"Kí n wá sọ fún ẹni tó ju dádì mi lọ pé ó ṣì í kà? Ẹ máa ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

"Bí ọ̀gá bá ti fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Àdúrà ni mo ń gbà, sà."

Mo gbé fáìlì náà tọ ọ̀gá lọ. Mo ní èmi ni mi ò kà á tán, ọmọbìnrin yìí ló rí i.

"Grand," ni ọ̀gá wí, ìyẹn "ó dáa" lẹ́nu àwọn ará Ireland, ó sì ní kí n kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà. Wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí oṣù kan náà pé, wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá.

Báyìí, tí mo bá ka fáìlì tán, orí tábìlì ọmọbìnrin náà ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé e sí.

"Dádì, ẹ tún ti sùn lórí ojú ìwé kẹsàn-án."

Kò gbé tíì wá mọ́.