Jẹ́láàní àti Ọmọ Rùmáníà Tó Gba Ọ̀kan

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Bí òkèlè bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ọjà kò ní sá. Ní oṣù keje ọdún 1976, láàárín ọjà Ifangni, lódìkejì ààlà Nàìjíríà, Bàbá Jẹ́láàní akọ̀pẹ, tí wọ́n tún ń pè ní Bàbá Ràbí, gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká, ó gun orí àpótí, ó sì kéde pé ọmọbìnrin Rùmáníà kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti rọ̀ mọ́ ọ̀pá méjì ní Olímpíìkì, ó yí bí òòyì, ó fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì, ó balẹ̀ láì mì, àwọn adájọ́ sì fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Obìnrin kankan kò gbà á rí níbẹ̀.

“Mẹ́wàá,” ni Fáyọ̀kẹ́ tó ń ta ẹyìn wí. “Ó káre. Ọmọ gidi ni.”

“Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa gbé e sójú pátákó kí èrò lè rí i,” Jẹ́láàní ní, “ọ̀kan ló yọ.”

Fáyọ̀kẹ́ sọ ẹyìn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ọ̀kan báwo?”

“Ẹ̀rọ náà kò lè kọ mẹ́wàá. Àwọn tó ṣe é rò pé ẹ̀dá ò lè gbà á láéláé, wọn ò fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.”

“Òyìnbó tó rán èèyàn lọ sínú òṣùpá,” Fáyọ̀kẹ́ ní, “ni kò lè kọ mẹ́wàá.”

“Kò lè kọ ọ́.”

“Bàbá Ràbí, àbúrò mi kékeré fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri mi láàárọ̀ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án ni.”

Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n ní àwọn ará Daagbé gbọ́ ọ lókèèrè, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: Bàbá Jẹ́láàní kì í ṣe olóòótọ́. Fún ogójì ọdún, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló ń jókòó sí, tọmọdé tàgbà á pé lé e lórí, a sì máa sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí fún wọn. Ó ní òun gun ọ̀pẹ kan ní Ko-Koumolou tó ga débi pé òun ń gbọ́ ìpè ìrun Àjàṣẹ́ létí ọ̀tún, tí òun ń gbọ́ ti Pobè létí òsì, tí òun ò mọ èyí tí òun yóò dá lóhùn. Wọ́n gbà á gbọ́. Ó ní nígbà tí igbà òun fẹ́ já ní Tchaada, ejò kan na ara rẹ̀ yí ọ̀pẹ náà ká, ó ní kí òun di ara ejò náà mú sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba ìyẹn náà, ìyá àgbà kan tilẹ̀ bi í bóyá ó rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ ejò.

Òótọ́ kan ṣoṣo ló wáá sọ, òun gan-an sì ni wọ́n kọ̀.

Orí ọ̀pẹ ló ti gbọ́ ọ. Ó ní ràdíò kan tó máa ń so mọ́ ìgbànú gun ọ̀pẹ, nítorí òkè ni ohùn ti ń mọ́ jù, ó sì ń tẹ́tí sí àwọn ará Nàìjíríà tó ń fi Yorùbá ka ìròyìn. Nígbà tí wọ́n sọ bí ọmọ náà ṣe ń rọ̀, tó ń jọ̀wọ́ ọ̀pá sílẹ̀, tó tún ń dì í mú, àyà Jẹ́láàní kún. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jọ̀wọ́ sílẹ̀ láìjábọ́, ẹlẹgbẹ́ òun nìyẹn. Orúkọ ọmọ náà kò bọ́ sí i lẹ́nu, ló bá fún un ní oríkì: Àdùkẹ́ Rùmáníà.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sinmi mọ́. Ohun tí ràdíò kò bá sọ, ó ń lọ bi àwọn olùkọ́. Kò pẹ́ tó fi mọ ohun mẹ́rin tí àwọn obìnrin ń fi díje jimnásítíkì: fífò kọjá ẹṣin onígi, ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, igi tóóró, àti ilẹ̀ gbalaja tí wọ́n ń jó lórí rẹ̀. Ẹni tí àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pọ̀ jù fún ni ayaba gbogbo wọn. Láti ọdún 1952 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi adé yìí lélẹ̀ fún obìnrin ní Olímpíìkì, àwọn Sófíẹ̀tì ló ń dé e, àfi ẹ̀ẹ̀mejì tí obìnrin Tsẹkosilofákíà kan gbà á. Àdùkẹ́ ló wáá gbà á bọ̀ wá sí Rùmáníà. Jẹ́láàní ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàlàyé oyè tí ìdílé tiẹ̀ ń jà sí, débi tí àlejò kan láti Daagbé fi bi í pé nígbà wo ni wọn yóò fi Jẹ́láàní fúnra rẹ̀ jẹ ẹ́.

Nígbà tí ẹ̀rín kò tán, ó pinnu láti fi iṣẹ́ hàn wọ́n. Ó gé ọ̀pẹ tó ti ṣubú, ó gbẹ́ ẹ títí tí òkè rẹ̀ kò fi fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó gbé e ka orí igi pàlàkà méjì níwájú ilé, gíga rẹ̀ dé ìdodo. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ká ṣòkòtò, ó gùn ún.

“Bàbá Ràbí,” ni ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù, wí láti ẹnu ọ̀nà, “ẹ rọra o. Ìyẹn ò ní ara tí ẹ lè dì mọ́.”

“Ogójì ọdún lórí ọ̀pẹ, mi ò jábọ́ rí.”

Ìgbésẹ̀ kejì ló gbé e ṣubú sínú agbada tí Sẹ̀kínátù rẹ gbágùúdá sí. Ó dìde, omi gbágùúdá ń ro tótó ní irùngbọ̀n rẹ̀. Sẹ̀kínátù yíjú sí àwọn tó ń wòran, ó ní, “Ẹ̀yin adájọ́, mélòó ni?”

“Ọ̀kan,” ni wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ ìbá ti parí sí ẹ̀rín nìyẹn. Ṣùgbọ́n Rẹfolúsíọ̀n, ìjọba sóṣálísítì tó ń darí orílẹ̀-èdè náà, ti wọ Ifangni nígbà náà, kì í sì í fẹ́ràn ẹ̀rín tí kò bá kọ́kọ́ gba àṣẹ. Délégé tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ àdúgbò ni Raphaël, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó fi ìwé pe Jẹ́láàní.

“Kámáráàdì Jẹ́láàní,” ó ní, bí Rẹfolúsíọ̀n ṣe sọ gbogbo ayé di ẹlẹgbẹ́.

“Mo ti bí ẹni tó jù ọ́ lọ, ọmọ mi.”

“Bon. Kámáráàdì Bàbá. Rùmáníà jẹ́ ọ̀rẹ́ wa. Orílẹ̀-èdè sóṣálísítì ni. Ẹ̀yin wáá ń sọ káàkiri ọjà pé ọmọ wọn gba ọ̀kan.”

“Mẹ́wàá ló gbà. Ẹ̀rọ ló kọ ọ̀kan.”

“Ẹ̀rọ ta ni?”

“Ẹ̀rọ òyìnbó.”

“Òyìnbó wo? Bó bá jẹ́ ti àwọn kapitalísítì, ìtàn náà dára, a lè kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Bí kò bá jẹ́ tiwọn, ìbanilórúkọjẹ́ ni.”

Jẹ́láàní ní òun ò bi ẹ̀rọ náà léèrè ìlú rẹ̀.

Raphaël bá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, kí Kámáráàdì dìde, kí ó sì sọ pé, “Mo pa irọ́.” Bí kò bá sọ ọ́, kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ ìtàn lábẹ́ igi máńgòrò mọ́ títí Ọlọ́run yóò fi pè é. Nígbà tí Jẹ́láàní ń lọ sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gba ràdíò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè ra òmíràn. Ẹni tó bá gba Jímọ̀ lábẹ́ máńgòrò lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló ṣẹ́kù?

“Ẹ sọ ọ́, kó tán,” Sẹ̀kínátù bẹ̀ ẹ́. “Irọ́ tí ẹ ti pa látìgbà tí mo ti fẹ́ yín ò lóǹkà. Ẹ ò jẹ́wọ́ ẹyọ kan rí. Ẹ jẹ́wọ́ èyí, ẹ fi í dípò gbogbo wọn.”

“Èyí nìkan ni kì í ṣe irọ́,” Jẹ́láàní ní. “Bí mo bá ní mo pa irọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mo pa á.”

Sẹ̀kínátù pàtẹ́wọ́. Ó ní nínú gbogbo ọjọ́ tó ti wà láyé, ọjọ́ tí yóò yan òótọ́ náà nìyí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Èrò kún. Raphaël fi Faransé ké ìkíni Rẹfolúsíọ̀n, “Prêts pour la révolution,” wọ́n dá a lóhùn pé ìjà ń bá a lọ, “Et la lutte continue,” ni wọ́n bá jókòó láti wo bí àgbà yóò ṣe jẹ́wọ́. Jẹ́láàní dìde. Àwọn tó ti gbọ́ ejò Tchaada lẹ́nu rẹ̀ kò rí i kí ó dákẹ́ báyìí rí, ó sì ń ṣe wọ́n bákan.

Fáyọ̀kẹ́ ló sọ̀rọ̀. Kò fi ibi tó jókòó sí sílẹ̀. Ó ní, “Délégé, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Tí mo bá ń ka ìdì ẹyìn lọ́wọ́ àwọn akọ̀pẹ, tí mo bá kà á dé mẹ́wàá, kí ni mo máa ń jù sínú igbá?”

“Òkúta,” ni Raphaël wí. Gbogbo Ifangni ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́yìn ń ṣe, kí iye má baà dàrú.

“Òkúta mélòó?”

“Ọ̀kan.”

“Ìdì mélòó ló dúró fún?”

“Mẹ́wàá.”

“Ẹ̀n. Ọmọ náà pé mẹ́wàá, wọ́n ju òkúta kan sílẹ̀ fún un. Kí ló wá le níbẹ̀? Mo ti ń rò ó látọjọ́ yìí, mo ní àwọn òyìnbó ò sì lè ya wèrè tó bí a ṣe rò.”

Haa kan ti ẹnu gbogbo èrò jáde. Ojú là. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara wọn, “Òkúta ni. Òkúta kan.” Raphaël mí kanlẹ̀, ó fa bíìkì tó fi ń kọ̀wé yọ: ọ̀rọ̀ náà kò bu Rùmáníà kù mọ́, ó tilẹ̀ fi hàn pé ọgbọ́n kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo ayé ń lò. Ohun tó kù ni kí Jẹ́láàní ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Rárá,” Jẹ́láàní ní. “Kì í ṣe òkúta. Ẹ̀rọ ni kò lè kọ ọ́.”

Sẹ̀kínátù fi ìborùn bojú.

“Bàbá Ràbí,” Fáyọ̀kẹ́ ní jẹ́jẹ́, “mo ń gbà yín sílẹ̀ ni.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Má fi irọ́ gbà mí sílẹ̀.”

Lẹ́nu ta ni? Lẹ́nu Jẹ́láàní. Ẹ̀rín gbé ìpàdé náà lọ, Raphaël pàápàá fi ìwé bo ẹnu. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó ka ìpinnu: ìgbìmọ̀ gba àlàyé òkúta wọlé; Kámáráàdì lè máa sọ ìtàn rẹ̀ lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, àfi ti Rùmáníà nìkan. Báyìí ni ìjọba ṣe fún Jẹ́láàní láṣẹ lórí gbogbo irọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fòfin de òótọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Kò sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbàgbé Àdùkẹ́. Ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n ń jà sí adé náà ní Olímpíìkì Mọ́skò, àwọn adájọ́ bá ara wọn jiyàn lórí máàkì rẹ̀ tó kẹ́yìn fún bí ìdajì wákàtí. Jẹ́láàní wà lórí ọ̀pẹ, kò kọ ìdì kan, kò sọ̀ kalẹ̀, ó fi etí mọ́ ràdíò. Wọ́n gbé adé fún ọmọ Sófíẹ̀tì. Ààwẹ̀ Ramadan ló bọ́ sí; nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣínu, omi nìkan ló mu. Sẹ̀kínátù kò bi í. Ó gbé oúnjẹ rẹ̀ pa mọ́, ó ní kí àwọn ará ilé má pariwo, Bàbá ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ kan lókè òkun.

Ní ọdún 1989, Rẹfolúsíọ̀n fúnra rẹ̀ ń mí gúlegúle, Jẹ́láàní náà sì dùbúlẹ̀. Àyà ń dùn ún. Raphaël kì í ṣe délégé mọ́, Àjàṣẹ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ kan ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí ní Ifangni, ó sì yọ ìwé ìròyìn àtijọ́ kan jáde nínú àpò. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró nínú fọ́tò, ó na ọwọ́ sókè, pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 1.00 ló wà lójú rẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò lè kọ ọ́. Ẹ dárí jì mí.”

Jẹ́láàní gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. “Àṣé ó tín-ín-rín tó báyìí,” ó ní. “Àdùkẹ́.” Lẹ́yìn náà ó ní kí Raphaël gbé e lọ han ọjà.

Kò pẹ́ tí Raphaël fi padà dé, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. “Mo fi hàn wọ́n, Bàbá. Fáyọ̀kẹ́ fi ìka lé ọ̀kan náà, ó ní, ‘Ẹ wò ó, òkúta rèé, mo sọ fún yín.’ Gbogbo wọn gbà. Ṣé kí n padà lọ là á yé wọn?”

Ẹ̀rín gbé Jẹ́láàní débi tí Sẹ̀kínátù fi ní láti di ẹ̀yìn rẹ̀ mú.

“Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi,” ó ní nígbà tí ikọ́ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. “Mo ti pa irọ́ títí, wọ́n ń gbà á. Jẹ́ kí àwọn náà pa ọ̀kan fún mi, kí n gbà á.”

Ọyẹ́ ọdún náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi lọ. Nígbà tí wọ́n ń kí Sẹ̀kínátù kú ọ̀fọ̀, ọ̀kan nínú àwọn èrò bi í, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀, pé nínú gbogbo ohun tí Bàbá sọ, mélòó tiẹ̀ ni òótọ́. Ó rò ó. “Ọ̀kan,” ó ní. Ó nu ojú. “Ẹ sì má fojú kéré rẹ̀.”

Ẹ má gba èyí gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni o, pàápàá lẹ́nu ará Ifangni. Fọ́tò náà wà láyé. Ẹ lọ wá a, ẹ wo pátákó yẹn dáadáa, ẹ fi ojú ara yín rí i.