Ìsìnkú Ẹtu Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀rọ̀ kékeré ni "tọ́jú", ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó da ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa rú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Lọ́dọọdún, òun ló máa ń gbé ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ wá fún àwọn akọrin lọ́jọ́ ìkórè, ó sì fi ń yangàn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọdẹ lọ, wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀túnla, ó bá ẹtu kan nílẹ̀ lábẹ́ igi kòkó rẹ̀. Ó ti kú. Kò sí ojú ìbọn lára rẹ̀, pàkúté ò sì mú un. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sílé, ó fi ewé bò ó, ó ń dá orin kọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni dókítà ẹranko kan wá bá wa sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin ni, ará ìhà Ọ̀yọ́. Nítorí pé èmi ni tíṣà níbẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó tì í, kí n máa là á yé àwọn àgbà níbi tí èdè tiwa bá ti yà kúrò lára tirẹ̀. Ó ní àìsàn tó ń ṣe ẹran ìgbẹ́ lè ran ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. "Ọmọ mi, iná ni oògùn ẹ̀. Kòkòrò wo ló lè yè nínú ìkòkò tèmi?"

"Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n kí iná tó dé ara ẹran yẹn, ọwọ́ yín ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì rọra fi í pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ lọ: "Bí ẹ bá rí ẹran tó kú fúnra rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pè wá, a ó wá tọ́jú rẹ̀."

Ariwo sọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá ọ tọ́jú ẹran, ìwọ náà mọ ibi tí ẹran ń lọ.

"Ẹ gbọ́ ná! Àwa ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, àwọn á wá tọ́jú ẹ̀!"

"Ìkòkò ìjọba ti wà lórí iná!"

Bàbá àgbàlagbà kan láti Imeri na ọ̀pá rẹ̀ sókè. "Bó bá jẹ́ ìtọ́jú lẹ bá wá, orúnkún mi nìyí. Ẹ fi ẹran sílẹ̀."

Mo dìde, nítorí n kì í lè jókòó ti gbólóhùn tó bá wọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Wọn ò ní fi í pamọ́, wọn ò sì ní sè é. Wọn á yẹ òkú rẹ̀ wò, wọn á sì sin ín."

"Wọn á sin ẹtu?" ni ẹ̀gbọ́n mi pariwo.

Nínú gbogbo ilé náà, ẹnì kankan ò tíì dárúkọ ẹtu. Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹtu wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó tún ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn.

Dókítà rọra bi í pé, "Mà, ṣé ẹ ti kun ún?"

"Rárá o. Ọ̀la ni mo fẹ́ kun ún." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí ni kí n wá gbé fún àwọn akọrin? Ṣé omi?"

Akọrin kan tó máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wà láàyè, ká tó máa kọrin."

Báyìí la ṣe tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi délé. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó gba nǹkan díẹ̀ lára òkú náà fún àyẹ̀wò, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí wọ́n sin ín, ó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń fọ ọwọ́ ọmọ tuntun. Bàbá Imeri béèrè pé ta ni ọmọ olóòkú. Gbogbo wọn nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ ìkórè, ọbẹ̀ àkùkọ ló gbé wá. Àwọn akọrin tò, wọ́n ń gbé abọ́ síwájú. Èyí àkọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ẹ̀yìn olóògbé á dára."

Mo tún un ṣe fún un pé a kì í kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ nítorí ẹranko.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Tíṣà, ta ló ní ká sin ín? Bó o bá ti sọ pé ká gbé e sọnù ni, ta ni ì bá kí mi?"

Ó yí padà sí akọrin náà. "O ṣé, ọmọ mi. Ikú ò ní pa ìwọ náà." Ó sì fi itan kan kún ọbẹ̀ rẹ̀.