Iyẹ̀pẹ̀ Tí Wọ́n Fi Pamọ́ De Láńre

Ní ọ̀sán Sátidé gbogbo, Bàbá Jòhánù a gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀ ní Rore, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dúró díẹ̀, a sì máa retí ìpè ọmọ rẹ̀ láti ìlú Kádífù lókè òkun. Jòhánù ni orúkọ Bàbá fúnra rẹ̀; tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Èsìẹ́ ló ti kọ́ ọmọ pẹ́ jù lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti fẹ́ Caroline, ìyàwó rẹ̀. Alàgbà ìjọ ni pẹ̀lú. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń pa irọ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Oṣù Kìíní ni Láńre, àkọ́bí rẹ̀, kó Miracle ìyàwó rẹ̀ àti Marvellous, ọmọ wọn ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí Kádífù. Wọn ò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí Caroline fi ṣubú nínú ilé ìdáná ní Rore. Wọn ò tíì gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́.

Nílẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ lórí fóònù fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. A ó ní ara ìyá rẹ̀ kò yá díẹ̀, títí yóò fi délé bá àwọn tí yóò dì í mú. Ṣùgbọ́n Bàbá na àṣà náà ju bó ṣe gùn lọ. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ohunkóhun fún Láńre rárá títí yóò fi pé ọdún kan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ni. Bó bá gbọ́, yóò sáré wálé, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún àwọn àna rẹ̀ ní Èsìẹ́, ó kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbé fọ́tò sórí Fesibúùkù. Gbogbo Rore pa ẹnu mọ́. Mi ò mọ ohun mìíràn tí gbogbo Rore ti jọ pa ẹnu mọ́ lé lórí rí.

Lẹ́bàá ilé ni wọ́n sin ín sí. Nígbà tó kan kí àkọ́bí da iyẹ̀pẹ̀ sí ìyá rẹ̀, pásítọ̀ ní kí ẹnìkan nínú ẹbí dúró fún Láńre. Bàbá kọ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú agolo mílíìkì, ó fi ọ̀rá dé e, ó ní ti Láńre nìyẹn. Ó tún ní bíríkìlà kankan ò gbọdọ̀ fi símẹ́ǹtì lẹ ibojì náà títí Láńre yóò fi dé da iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lé e. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, ó ní Caroline bímọ, kò ní jẹ́ kí ó lọ bí àgàn.

Báyìí ni ibojì wà ní gbayawu. Òjò wọ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ewúrẹ́ aládùúgbò ń sùn lé e. Bàbá ta tapólì bò ó, afẹ́fẹ́ ká a kúrò, ó tún un ta. Ọláyíwọlá bíríkìlà, tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé rẹ̀ nígbà kan, bẹ̀ ẹ́ títí. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n kàn fi búlọ́ọ̀kù yí i ká." Bàbá ní kó máa lọ.

Ní Sátidé, Láńre àtàwọn ará ilé rẹ̀ á pè é lórí fídíò, wọ́n á máa gbé e rìn. Bàbá rin ìlú Kádífù já lórí àga. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú wọn, ó wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ sí etí òkun, ó rí ṣọ́ọ̀bù tí Miracle ti rí iṣu, tí ó gbé iṣu náà mọ́ra bí ọmọ tuntun. Lọ́jọ́ kan wọ́n fi odi ààfin àtijọ́ kan hàn án láàárín ìlú, tí wọ́n gbẹ́ ẹranko òkúta sí lórí.

"Bàbá àgbà, ẹ wo kìnnìún," ni Marvellous wí.

"Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ju ìyẹn lọ," ni Bàbá wí. "Ènìyàn ni tiwa. Ìyá àgbà rẹ mọ gbogbo ibi tí wọ́n jókòó sí. Ó máa mú ọ lọ wò wọ́n."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Láńre tètè yí fóònù sí ibòmíràn.

Ìgbà tí ìpè bá fẹ́ parí ni Láńre máa ń béèrè: "Màmá ńkọ́?" Bàbá a sì dáhùn. Wọ́n wà ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Wọ́n lọ wo àbúrò wọn ní Ìjàrà-Ìsin. Ohùn wọn ti há. Láńre á ní, "Ẹ bá mi kí wọn," ó tán. Oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sọ rí pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun. Bàbá rò pé irọ́ òun ló dán mọ́rán. Ó tilẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún àforíjì lórí bó ṣe mọ̀ ọ́n pa tó.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, òjò ò jẹ́ kí wọ́n jáde ní Kádífù. Marvellous gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi áísìkirimù òun han Bàbá àgbà. Ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó dúró níwájú fìríìjì.

Lára ilẹ̀kùn fìríìjì ni Caroline wà. Iwájú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ ni, èyí tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́ ní Òmù-Àrán. Fọ́tò ọjọ́ ìkórè, tí gèlè rẹ̀ wọ́ sápá kan. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá kà á tán kí ọmọ náà tó ṣí ilẹ̀kùn.

Miracle já fóònù gbà. Lẹ́yìn náà ojú Láńre yọ. "Bàbá, ẹ ṣì wà níbẹ̀? Màmá ńkọ́?"

Bàbá wò ó pẹ́. "Ó lọ sí Ìjàrà."

"Ẹ bá mi kí wọn, sà."

Àyìnkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ìgbàjà, wà nílé lọ́jọ́ náà. Bàbá pè é. Kò pariwo. "Ta ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n kú gan-an ni."

"Kí a tó sin ín?"

"Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá ká sin wọ́n. Èmi náà ni mo fi ìwé ètò ránṣẹ́ sí wọn. Bọ̀ọ̀dá sunkún títí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn ti gbọ́. Wọ́n ní tí àwọn ò bá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa retí àwọn."

Inú bí Bàbá, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, kò mọ èyí tó ṣáájú. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò wá ló dùn ún jù. Àìwá yẹn ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ohun tó dùn ún ni pé ìbòjú tí òun fi ìfẹ́ hun fún ọmọ náà, ọmọ náà ti rí i pé ó gba òun, ó sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìtura. Caroline sì wà níta láti ìgbà náà, tí ewúrẹ́ ń sùn lé e lórí.

Ó wọlé, ó mú agolo mílíìkì náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ, ó ti le. Ó ní láti fi igi tú u kó tó dà sórí ibojì. Òjò ti gba ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kúnwọ́ kan kò fi hàn rárá. Ó ránṣẹ́ pe Ọláyíwọlá. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ pa, ó ń dán.

Sátidé tó tẹ̀lé e, oòrùn yọ ní Kádífù. Wọ́n gun afárá kan, odò ń lọ lábẹ́ rẹ̀, Marvellous ń ju búrẹ́dì sí àwọn ẹyẹ. Nígbà tó tó àkókò, Láńre béèrè: "Màmá ńkọ́?"

"Ó wà nílé," ni Bàbá wí. "Kò lọ síbì kankan."

Bàbá dúró dè é. Bí ó bá ní kí òun gbé fóònù fún ìyá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tàn ni, bí ó bá sunkún, bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Bàbá ìbá dárí jì í níbẹ̀.

"Ẹ bá mi kí wọn," ni Láńre wí, ó sì yí fóònù padà sí odò.