Ìyẹ́ Adìẹ Inú Ìwé

Bí mo bá rí ìyẹ́ adìẹ nílẹ̀, tíṣà wa kan ní Òkukù ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Láti Ìnísà ni wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá, wọn kì í sì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Tí wọ́n bá yá wa ní ìwé ìtàn ká lọ kọ èrò wa nípa ẹ̀, wọ́n á ti ki ìyẹ́ adìẹ sáàárín ẹ̀. Tí ìyẹ́ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a dá a padà, a ò kà á nìyẹn, a ò sì ní yá ìwé mọ́ títí sáà á fi parí.

Èmi ọlọ́gbọ́n òfìfo, mo gbọn ìwé tèmi, ìyẹ́ já bọ́. Mi ò kà á, mo wá kọ èrò mi pé: "Ìwé yìí dùn gan-an."

Tíṣà wò mí látorí dé ẹsẹ̀. "Ta ló sọ fún ẹ? Ìyẹ́ mélòó lo rí?"

"Ọ̀kan, sà."

"Méjì ni mo fi síbẹ̀. Lọ wá ìkejì wá."

Mo ń ṣí ewé ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mi ń bọ́ sórí ìtàn. Mo dé ìparí, mi ò rí nǹkan kan. Mo fi ìbínú padà lọ bá wọn.

"Sà, kò sí ìyẹ́ kankan mọ́! Mo ti kà á tán! Ọmọ tó sá kúrò nílé yẹn, kò yẹ kí ìyá ẹ̀ tètè dárí jì í. Ìyẹn ló ba ìtàn náà jẹ́!"

Wọ́n na pẹ́ńsù sí mi. "Kọ ìyẹn sílẹ̀."