Ẹni Tó Dúró Létí Ìwé

Owó tí wọ́n ń gbà láti tẹ àwòrán sára ẹ̀wù kan lónìí, nígbà èwe wa, ó tó ra ẹ̀wù méjì pẹ̀lú sálúbàtà, kí èèyàn sì tún fi ìyókù jẹ àkàrà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọbìnrin mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bassila.

"Bàbá, ìgbà yẹn ti lọ," ló wí. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Àwòrán tí mo fi bíìkì ìkọ̀wé yà nígbà ìsinmi yunifásítì ló ń tún ṣe. Àwa ọ̀rẹ́ ń ṣe àáró ní Manigri: lónìí a ó kọ ebè lóko ẹnìkan, lọ́la a ó bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ìwé ti sọ ọwọ́ mi di rírọ̀, ọkọ́ sì bó o. Ni mo bá jókòó sábẹ́ igi kajú, mo ń ya àwọn yòókù bí wọ́n ṣe tò.

Ọ̀kan nínú wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ báyìí, ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù fún òun. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, tí wọn kò rí i rí bí kò ṣe lórí ìjókòó, rí i níbi tó gbé ọkọ́ sókè. Ọmọ mi mọ ilé iṣẹ́ kan ní Kùtọnu tó ń tẹ ẹyọ kan péré fún ẹni tó bá béèrè, bí fáìlì bá ti bá ìwọ̀n wọn mu.

Ìwọ̀n yẹn ló dá wa dúró. Etí ìwé gan-an ni ọ̀rẹ́ mi yìí wà.

"Ohun tó bá kọjá ìlà pupa yìí, ẹ̀rọ á gé e," ọmọ mi wí. "Ọwọ́ wọn àti ọkọ́ lọ nìyẹn. Bí mo bá sì sọ gbogbo rẹ̀ di kékeré, ojú wọn ò ní hàn. Ṣé kí n yọ ẹni tó wà ní òdìkejì, kí n lè sún àwọn yòókù?"

"Rárá o! Ẹni tó wá síṣẹ́ àáró, ta ló ń lé e lọ?"

Ó tún wò ó. "Àlàfo wo ló wà láàárín yìí?"

"Ìlà ebè tèmi ni. Wọ́n fò ó, wọ́n ní mo máa wá kọ ọ́ fúnra mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó gé ọ̀rẹ́ mi kúrò létí ìwé, ó gbé e sínú ìlà ebè mi. Ó pa àwọ̀ ìwé rẹ́ kí ara ẹ̀wù lè hàn. Fìlà funfun gbogbo wọn bá a lọ, ó sì ní láti dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ̀wù dé, a gbé e lọ sí Manigri. Ọ̀rẹ́ mi wò ó pẹ́.

"Ibo lo fi mí sí yìí?"

"Ìlà ebè mi ni."

"Ọ̀lẹ! Ṣé èmi ni n ó wá máa bá ọ kọ ebè rẹ títí ayé?"

Ó wọ̀ ọ́ lé ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ké sí àwọn ọmọ. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń na ìka sí i láyà: "Bàbá, ẹ̀yin nìyí? Ẹ̀yin nìyí lóòótọ́?"

Nínú àwọn tó wà lára ẹ̀wù náà, èyí tó ṣáájú ṣì ń lọ sóko ní Doguè. Èyí tó tẹ̀lé e wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Alédjo. Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ó ń dá ohùn wa mọ̀. Àwọn ìbejì tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ ti lọ sọ́run, èkejì kò pẹ́ lẹ́yìn èkíní. Ọ̀rẹ́ mi ní Manigri wà. Èmi náà wà.