Òòlù Tí Kò Jẹ́ Kí Ọláyídé Sùn

Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí ji Ọláyídé o. Èmi ni ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kú, ebi ò pa yín.

Bánkẹ́ ni orúkọ ìyá mi. Aláró ni, ní agboolé Akínyọdé ní Mákùn. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn ìlú wa kóra jọ di Ṣàgámù, aṣọ funfun sì ń ti Ìkòròdú wọlé nígbàkígbà tí ogun bá jẹ́ kí ọ̀nà là. Ẹni tó bá ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ń gbé e wá. Á pa á láró, á sá a. Tó bá gbẹ, á ká a lé orí ìtì igi, á fi òòlù lù ú títí yóò fi máa dán. Kò sí aláró mìíràn ní Mákùn tí aṣọ rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ béèrè bí mo bá purọ́.

Ọláyídé ni ìyàwó àbúrò bàbá mi. Ògì ló ń lọ̀, ẹ̀kọ ló ń tà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé aṣọ wá, ó ní kí ìyá mi ṣe tòun ṣáájú ti gbogbo èèyàn, ṣebí ilé kan náà làwọn ń gbé. Ìyá mi ní rárá, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ ìjà nìyẹn? Ọláyídé pòṣé, ó gbé aṣọ rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ṣí ìkòkò aró, òórùn ògì ló gbà á nímú. Omi kíkan kì í bá aró gbé, pípa ló ń pa á. Gbogbo ìkòkò pátá ló ti bàjẹ́. Ta ló sì ń lọ ògì nílé wa? Ìyá mi sáré tọ Baálé lọ. Baálé ní, "Ta ló rí i nígbà tó ń dà á?" Ó ní kí ìyá mi lọ fọ ìkòkò rẹ̀, kí ó má dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé.

Háà! Inú mi ṣì ń ru bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá mi ò lè jẹun mọ́. Orí rẹ̀ ń gbóná, àyà rẹ̀ ń já, oorun ò kùn ún. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà náà, ọmọ tó ṣáájú mi sì ti kú. Kí wọ́n tó mọ̀, ọmú ti gbẹ. Mo fà á, fà á, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ni mo bá ń ké. Ẹ mọ ẹni tó gbé igbá ẹ̀kọ mímu wọlé wá? Ọláyídé ni o!

"Ìyálé mi, ẹ gbà, ẹ fún ọmọ mu. Ebi ló ń pa á."

Ìyá mi wo inú igbá, ó wo ojú rẹ̀. "Gbé e padà. Ògì tó pa aró mi kò ní tọ́ ọmọ mi."

Ìyá bàbá mi, Mọ́rọ́nfọ́lá, ló wá bá a wí. "Ìyàwó, o fẹ́ pa ọmọ yìí. Ìbínú tí o gbé mì ló gba ibi tí oúnjẹ rẹ̀ yẹ kó gbà."

"Ìyá, ẹ ní kí n gbàgbé ni?"

"Ta ló ní kí o gbàgbé? Mo ní kí o má gbé e sínú. Gbé e sí orí ìtì igi. Lù ú títí wàá fi làágùn, kí o jẹun, kí o tó gbé ọmọ sọ́mú."

Ìyá mi bá lọ gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn aláró yòókù láti bá wọn lù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó jókòó, ó gbé òòlù sókè. "Gbà!" Ó tún gbé e. "Gbà! Ìwọ nìyí!" Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá béèrè ẹni tó ń bá wí, á ní, "Ẹni tó mọ ohun tó ṣe." Tó bá làágùn tán, á mu omi, á jẹun yó, á gbé mi sọ́mú. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó ń kán sí mi lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ọmú ń tú jáde débi pé ó ń rẹ aṣọ ìyá mi, èmi náà sì sanra kẹ̀bẹ̀kẹ̀bẹ̀.

Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Nílé tiwa, ara rọ ìyá mi pátápátá. Ọláyídé nìkan ni ara ò rọ̀. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ìdí ìtì igi. Bí òòlù bá ti dún, á ta gìrì. Ẹ̀kọ rẹ̀ ń ṣe kókó, àwọn oníbàárà ń sá. Ó lọ fẹjọ́ sun Baálé. Baálé ní, "Ṣé ó dárúkọ rẹ ni?" Ó padà sídìí ẹ̀kọ rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́!

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá lójú gbogbo ilé. "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́! Èmi ni mo da omi ògì sínú aró yín. Ẹ fi òòlù sílẹ̀, orí mi fẹ́ fọ́." Baálé ò lè wo ojú ìyá mi. Ó pàṣẹ kí Ọláyídé máa já ewé ẹ̀lú tí a fi ń ṣe aró, kí ó máa jó igi fún eérú rẹ̀, títí gbogbo aró yóò fi padà bọ̀ sípò. Ọláyídé gbà láti ṣe é.

"Mo ti gbọ́," ni ìyá mi wí. "Dìde."

Lọ́jọ́ kejì, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, òòlù tún dún. Ọláyídé sáré jáde. "Ìyálé mi, ṣebí ẹ ní ẹ ti gbọ́!"

"Mo gbọ́. Èyí, iṣẹ́ ni. Àbí kí n má ṣiṣẹ́ mọ́?"

Ta ló máa dá a lẹ́bi? Kò tún wí "Gbà" mọ́, ó kàn ń lù ú ni. Inú ilé yẹn ni àwọn méjèèjì darúgbó sí, Ọláyídé ò sì mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ nínú lílù náà àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀ títí tó fi kú.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo bi ìyá mi pé, "Ìyá, láti ọjọ́ yẹn, èwo ni iṣẹ́ nínú lílù yẹn, èwo ni ti Ọláyídé?"

Ó ń fi epo pa òòlù rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. "Gbogbo rẹ̀," ó ní. "Tirẹ̀ ni gbogbo rẹ̀."